Pírójẹ́ẹ̀tì sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé girama Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ọ̀nà mẹ́ta, èwo ló bá yín mu?

Bí ilé-ìwé bá ń gbèrò láti dán ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì oní-pírójẹ́ẹ̀tì wò, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde nípàdé olùkọ́ ni "owó dà?" Èkejì ni "lábù wa ńkọ́?" Ní tèmi o, kì í ṣe méjèèjì ló yẹ kó ṣáájú. Ta ni yóò máa ka ohun tí àwọn ọmọ bá kọ, ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀? Orí ìyẹn ni gbogbo ìfiwéra yìí dúró lé. Bí ẹ bá rí i tí mo ń padà síbẹ̀, ẹ má rò pé mo gbàgbé ibi tí mo dé.

Kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Pírójẹ́ẹ̀tì tí mò ń wí kì í ṣe kí ọmọ gé páálí, kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, kó pè é ní bàálù, kí màmá rẹ̀ sì jókòó parí ẹ̀ fún un lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. (Gbogbo wa la mọ ẹni tó ṣe bàálù yẹn.) Ìbéèrè kan ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò sí lẹ́yìn ìwé. Fún àpẹẹrẹ: kí ló dé tí gàrí Ìjẹ̀bú fi ń kan ju ti ibòmíràn lọ, ọjọ́ mélòó sì ni pákí máa lò nínú àpò kó tó kan tó bẹ́ẹ̀? Àwọn ọmọ á pín ara wọn sí ọ̀wọ́, wọ́n á máa wọn nǹkan lójoojúmọ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á jiyàn lórí ohun tí wọ́n rí. Níkẹyìn, wọ́n á gbé èsì wọn síwájú ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀, bíi àwọn ìyá tó ń yan gàrí. Ẹ̀kọ́ lórí ásíìdì, lórí bakitéríà, lórí ooru, á máa wọlé bí iṣẹ́ náà ṣe ń bèèrè wọn.

Ẹni tó bá sọ fún yín pé òyìnbó ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irú nǹkan yìí dé, ẹ júwe Ìkẹ́nnẹ́ fún un. Lọ́dún 1956 ni Táí Ṣólàárín dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dáko, wọ́n ń sin ẹran, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi kọ́ lára ilé tí wọ́n ń lò. STAN, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1957, náà ti ń sọ láti nǹkan bí ọdún 1970 pé kí ọmọ máa ṣe sáyẹ́ǹsì, kó yé há a sórí. Lára iṣẹ́ wọn ni Integrated Science ti jáde, èyí tí a wá ń pè ní Basic Science. Ṣùgbọ́n mi ò ní da nǹkan méjì pọ̀ o. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe pírójẹ́ẹ̀tì sáyẹ́ǹsì títí ẹnì kan yóò fi bèèrè ìdí, tí yóò wọ̀n ọ́n, tí yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọ lè roko ọdún mẹ́ta kó má mọ ohun tó ń sọ ewé àgbàdo di pupa rúsúrúsú.

Ọ̀nà mẹ́ta tó wà nílẹ̀

Ọ̀nà kìíní ni pírójẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo nínú sáà kan, nínú píríọ́ọ̀dù Basic Science gan-an, ní JSS2. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni kí ẹ fi sí i. Ẹ ò fi ẹ̀kọ́ tuntun kún tàìmùtébù. Ọ̀nà tí ẹ ń gbà kọ́ èyí tó wà níbẹ̀ lẹ yí padà.

Ọ̀nà kejì ni odindi ọdún. SS1 ló dára jù fún un, torí SS2 àti SS3 ti ń gbóòórùn WAEC. Pírójẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò gbé sílábọ́ọ̀sì ọdún náà ró láti Oṣù Kẹsàn-án títí di ìparí sáà kẹta.

Ọ̀nà kẹta ni ẹgbẹ́ ìrọ̀lẹ́, irú JETS (ẹgbẹ́ sáyẹ́ǹsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́) tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ti ní tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìdágbére, ẹni tó bá fẹ́ kó dúró.

Bí a bá tò wọ́n síra wọn, bí wọ́n ṣe rí nìyí:

| | Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú píríọ́ọ̀dù | Odindi ọdún | Ẹgbẹ́ ìrọ̀lẹ́ |
|---|---|---|---|
| Ọmọ tó máa kàn | gbogbo kíláàsì | gbogbo ọmọ sáyẹ́ǹsì SS1 | ẹni tó bá lè dúró |
| Olùkọ́ | ẹnì kan, pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ | méjì ó kéré tán, tí wọ́n gbọ́ ara wọn yé | ẹnì kan tí nǹkan náà wà lẹ́mìí rẹ̀ |
| Máàkì | wọ inú CA | CA àti ìdánwò ìparí sáà | kò sí |
| Lábù | kò pọn dandan | ó pọn dandan | ó dára bó bá wà |
| Ohun tó lè bà á jẹ́ | kó di eré ọ̀sẹ̀ mẹ́fà | kí sílábọ́ọ̀sì má parí | kí olùkọ́ yẹn gba transfer |

Tẹ́bù yìí kò lè sọ gbogbo ẹ̀. Ìlà tó wà fún olùkọ́ ló wúwo jù níbẹ̀, ó sì yẹ kí a tú u palẹ̀.

Ìwé wo ni olùkọ́ máa kà, ìgbà wo ló sì máa kà á?

Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sọ pé kí olùkọ́ kan ní ogójì ọmọ ní girama. Ẹ jẹ́ ká fi ogójì ṣe ìṣirò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ilé-ìwé ìjọba láàárín Ṣágámù tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lè máa rẹ́rìn-ín ogójì. Ká ní ẹ ní JSS2A, B àti C: ọgọ́fà ọmọ. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀, tí olùkọ́ sì fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ka ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí ogún ló máa gbà lọ́sẹ̀. Kò sí olùkọ́ tó máa ṣe é. Yóò fi bíró pupa fa ìlà sábẹ́ gbogbo wọn, yóò kọ "Good", ọmọ á sì mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì pé kò sẹ́ni tó ń ka nǹkan tóun ń kọ. Láti ọjọ́ yẹn ni yóò ti máa dá nọ́ńbà sí i láti orí ara rẹ̀.

Ẹ wá pín wọn ní ọmọ márùn-ún márùn-ún. Ọ̀wọ́ mẹ́jọ ni kíláàsì kan, ọ̀wọ́ mẹ́rìnlélógún ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé kan ni ọ̀wọ́ kan ní. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ó ṣì pọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí akọ̀wé ọ̀wọ́ máa yí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà lókè ojú ewé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ tó gbọ́n jù ni yóò ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn tó kù á kàn máa fi Bic ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ibí ni odindi ọdún ti ń fọ́ ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lójú. Kì í ṣe pé wákàtí mẹ́rin yẹn dín kù. Ńṣe ló ń bá yín lọ títí ọdún yóò fi parí, olùkọ́ náà sì ní SS2 àti SS3 tó ń dúró dè é. Ẹnu dùn ún ro ẹ̀fọ́. Bí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yín bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo tó ń kọ́ Kẹ́místírì, tó tún ń fi Físíìsì kún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ odindi ọdún.

Ohun kan wà tí àwa ará ibí ní tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ lò. Tai Solarin University of Education, tó ti di Tai Solarin Federal University of Education báyìí, wà ní Ìjàgùn láti 2005, Olabisi Onabanjo University wà ní Àgọ́-Ìwòyè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn máa ń wá ṣe teaching practice ní ilé-ìwé wa, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sì ń fi wọ́n ṣe ni kí wọ́n lọ gba kíláàsì olùkọ́ tó fẹ́ sinmi. Ẹ fi wọ́n sí ìdí àwọn ìwé àkọsílẹ̀ yẹn. Kí olùkọ́ ka ìdajì, kí akẹ́kọ̀ọ́ TP ka ìdajì, kí wọ́n pàrọ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Ó ń kọ́ iṣẹ́, ẹ̀yin náà ń rí ìrànlọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ ìrọ̀lẹ́: ó dùn, ṣùgbọ́n ta ló wà níbẹ̀?

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. JETS ń mú inú ọmọ dùn, kò ná yín ní nǹkan, kò sì sí òbí tó máa bínú sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè dúró di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì ni ọmọ tí ilé rẹ̀ wà nítòsí, tí kò ní ọjà láti gbé, tí kò ní àbúrò láti mú láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó ń wọ ọkọ̀ padà sí abúlé lẹ́yìn Òdógbolú kò sí níbẹ̀. Ó sì jẹ́ pé òun gan-an ló ti bá ìyá rẹ̀ yan gàrí rí, òun ló ní ohun tí yóò sọ. Ilé-ìwé tí ọmọ ń gbé níbẹ̀ nìkan ni mo lè sọ fún pé kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́. Ìyókù, ẹ jẹ́ kó máa lọ bó ṣe ń lọ, ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní ìdánrawò ẹ̀kọ́ tuntun.

Ìdánwò WAEC ńkọ́?

Òbí á bèèrè, ó sì ní ẹ̀tọ́. "Ṣé torí kó lọ máa yan gàrí ni mo ṣe ń san owó ilé-ìwé, Àǹtí?" Ìdáhùn tó dára jù ni kí ẹ mú sílábọ́ọ̀sì WAEC jáde. Nínú Báyọ́lọ́jì, máàkì 80 nínú 200 ló wà fún práktíkà. Nínú Kẹ́místírì, 50 nínú 200. Ọmọ tí kò di burette (ọ̀pá gíláàsì tí a fi ń kán kẹ́míkà díẹ̀díẹ̀) mú rí àyàfi ní Oṣù Kẹrin tí ìdánwò ń bọ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń pàdánù.

Ẹ wo bí gàrí ṣe wọ inú titration, ìyẹn fífi álíkálì wá iye ásíìdì tó wà nínú nǹkan, torí pé mo fẹ́ kí ẹ rí i pé kì í ṣe eré. Ìlànà Codex tí FAO àti WHO jọ gbé kalẹ̀ fún gàrí sọ pé ásíìdì inú rẹ̀, bí a bá kà á sí lactic acid, kò gbọ́dọ̀ dín ní 0.6 nínú 100, kò sì gbọ́dọ̀ ju 1 lọ. Omi inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju 12 nínú 100. Sáyánáìdì, májèlé inú pákí, kò gbọ́dọ̀ ju mílígíráàmù 2 nínú kílò kan. Ẹ fún ọmọ SS1 ní gàrí gíráàmù 10, kó rẹ ẹ́ sínú omi 100 mL, kó rò ó dáadáa, kó sẹ́ ẹ. Kó mú 25 mL, kó kán phenolphthalein tó máa ń yí àwọ̀ sí i, kó máa fi burette kán sodium hydroxide 0.02 M sí i. Bí gàrí yẹn bá wà ní 0.6, nǹkan bí 8.3 mL ni yóò lò kí àwọ̀ tó yí sí osùn fẹ́ẹ́rẹ́. Bó bá wà ní 1, á tó 13.9 mL. Ẹ ní kí ọ̀wọ́ kan mú gàrí Ìjẹ̀bú wá, kí òmíràn mú gàrí tí wọ́n fi epo sí, kí òmíràn mú lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n rà lọ́jà Òkè-Ajé. Kò sí ìwé tó sọ fún wọn iye tí wọ́n máa rí. Burette náà ni WAEC ń lò, ìṣirò mole náà ni, ìdí tí a fi lo phenolphthalein dípò methyl orange sì nìyẹn: ásíìdì aláìlágbára pẹ̀lú álíkálì alágbára. Ọmọ tó bá ti jiyàn lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò tún ní gbàgbé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo sílábọ́ọ̀sì ló máa gbọ́ràn sí pírójẹ́ẹ̀tì lẹ́nu báyẹn. Periodic table, orúkọ àwọn hydrocarbon, òfin Newton: ẹ kọ́ wọn bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn. Olùkọ́ tó bá fẹ́ wá pírójẹ́ẹ̀tì fún gbogbo orí ìwé yóò rẹ ara rẹ̀ lásán.

Èsì láti ìlú òkèèrè náà kò dọ́gba. Ní Michigan ní Amẹ́ríkà, ní ọdún ẹ̀kọ́ 2018 sí 2019, wọ́n dán sáyẹ́ǹsì oní-pírójẹ́ẹ̀tì wò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 46, ní kíláàsì kẹta. Àwọn ọmọ tó ṣe é fi nǹkan bí 8 nínú 100 ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ nínú ìdánwò. Fún àwọn ọmọ girama tó ń ṣe ẹ̀kọ́ àyíká lórí ètò AP (ẹ̀kọ́ ipele yunifásítì ní girama) lọ́hùn-ún pẹ̀lú, èsì tó jáde ní 2021 fi hàn pé kọ́ọ̀sì ọlọ́dún kan tí pírójẹ́ẹ̀tì gbé ró mú kí àwọn tó yege pọ̀ sí i. Ní England, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Education Endowment Foundation, àjọ tó ń dán ọ̀nà ìkọ́ni wò, gbé èsì tirẹ̀ jáde ní 2016, lórí ilé-ìwé girama 24, ìyẹn kì í sì í ṣe ti sáyẹ́ǹsì nìkan: kò hàn pé ó ran kíkà àti kíkọ àwọn ọmọ lọ́wọ́, ó tilẹ̀ jọ pé ó fa àwọn ọmọ tálákà sẹ́yìn díẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé sì yọwọ́ kó tó parí. Ohun tí mo rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé ní Amẹ́ríkà yẹn, wọ́n ti kọ ẹ̀kọ́ ọ̀hún sílẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé e fún olùkọ́, wọ́n sì ń dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí rẹ̀. Ẹ má ní kí olùkọ́ máa hùmọ̀ pírójẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ Àìkú kó wá kọ́ ọ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Owó

Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní JSS2: òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò, tamómítà méjì, pépà pH (tó ń fi bí nǹkan ṣe kan tó hàn; bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni kíkan ṣe pọ̀ tó), ike tó ní ìlà mL lára, ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, àti pákí. Ó tán. PTA lè rà á láìpe ìpàdé pàjáwìrì. Odindi ọdún ló ń béèrè burette, kẹ́míkà, àti ẹni tó ń bójú tó lábù. Bí lábù yín bá ti di ibi tí wọ́n ń kó àga tó ṣẹ́ sí, ẹ kọ́kọ́ palẹ̀ ibẹ̀ mọ́ ná.

Pírójẹ́ẹ̀tì wo ló bá ọ̀nà wo mu?

Gàrí ni mo fi ṣíwájú, torí ó ṣeé ṣe ní JSS2 láìsí lábù. Nínú pákí tútù ni nǹkan kan wà tó máa ń tú sáyánáìdì sílẹ̀ bí wọ́n bá ti rin ín. Bó ṣe wà nínú àpò, tí wọ́n gbé òkúta lé e tàbí tí wọ́n fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, sáyánáìdì á máa bá omi àti afẹ́fẹ́ lọ. Bakitéríà á máa ṣe lactic acid, gàrí á sì máa kan. Nígbà tí wọ́n bá yan án, ooru á lé ìyókù jáde. Kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní àpò kékeré tirẹ̀: ẹni ọjọ́ kan, ẹni ọjọ́ mẹ́ta, ẹni ọjọ́ márùn-ún. Láràárọ̀, pépà pH, tamómítà, ìwọ̀n àpò náà. Wọ́n á rí i tí pH ń wálẹ̀ sí nǹkan bí 4. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yan án, kí wọ́n wọn gàrí díẹ̀, kí wọ́n gbé e sórí iná kékeré títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi ní dín mọ́, kí wọ́n ṣírò iye omi tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n fi wé 12 Codex yẹn. Ẹ pe ìyá kan tó ń yan gàrí wá gbọ́ èsì wọn, kí ẹ jẹ́ kó bi wọ́n ní ìbéèrè. Ìbéèrè tirẹ̀ máa ń le ju ti olùkọ́ lọ.

Ewu ibẹ̀ o: kí ọmọ kankan má fi omi tó ń jáde lára àpò sẹ́nu, kí ewúrẹ́ má débẹ̀, ìta gbangba sì ni kí ẹ ti yan án.

Erédò Ṣùngbọ́ ni èkejì, fún SS1. Odi àti yàrà tó yí Ìjẹ̀bú ká ni, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí kìlómítà 160, ó sì ga tó mítà 20 láwọn ibì kan. Ọmọ Ìjẹ̀bú púpọ̀ ti gbọ́ orúkọ rẹ̀, wọn ò fojú rí i. Prótáràktọ̀, òwú àti òkúta wẹ́wẹ́ ti tó láti fi ṣe ohun tí wọ́n á fi wo igun orí rẹ̀. Bí igun náà bá jẹ́ 45, gíga odi láti ojú ẹni tó ń wò ó bá jíjìnnà rẹ̀ sí odi náà dọ́gba, ká tó fi gíga ojú ọmọ náà kún un. Kí wọ́n fa ìlà rẹ̀ sórí pépà onígun mẹ́rin, kí wọ́n wo iye iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n wà jáde nínú mítà kan. Màtímátíìkì, Físíìsì àti Jọ́gíráfì pàdé níbẹ̀. Àǹfààní tí gàrí kò ní ni pé olùkọ́ Hístírì náà á fẹ́ bá yín lọ. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ará ìlú kí ẹ tó wọbẹ̀, ní Òkè-Ẹ̀rì pàápàá, kí ẹ sì bèèrè ibi tí ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni kí ẹ lọ.

Obì ni mo máa sọ fún àwọn ará Rẹ́mọ. Ọjà obì Ṣágámù kò kéré, kòkòrò tó ń lu obì sì jẹ́ ìṣòro gidi fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ dowó ọ̀wọ́n. Ẹ to obì sínú agbọ̀n pẹ̀lú ewé oríṣiríṣi, ẹ wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ka iye tó ní ihò. Ó gbà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, ìdí nìyẹn tó fi bá odindi ọdún mu.

Omi kànga, ọ̀pọ̀ ń fẹ́ ẹ. Èmi ò fẹ́ ẹ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí ọmọ JSS2 bá dìde níwájú àsẹ́ńbílì pé omi kànga ilé Alàgbà báyìí ní ìdọ̀tí, àwọn ayálégbé á gbọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, píríǹsípà á sì rí àlejò láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Pépà pH kò sì lè sọ ohun tí èèyàn nílò láti mọ̀ nípa omi mímu. Ẹ fi í sílẹ̀ títí ilé-ìwé yóò fi mọ bí a ṣe ń sọ èsì láìdárúkọ.

Tí mo bá jẹ́ yín

Ilé-ìwé ìjọba tó kún: ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, JSS2, gàrí. Ẹ má ṣe é ní gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ mú méjì, kí ìyókù kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ tẹ́lẹ̀, kí ẹ fún gbogbo wọn ní ìbéèrè kúkurú kan náà ṣáájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi JSS2A ṣe é, níbi tí ẹ ti kó àwọn ọmọ orí pípé jọ. Bó bá yọrí níbẹ̀, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Kí JSS2C wà lára méjì náà.

Ilé-ìwé aládàáni kékeré tó ní ogún ọmọ ní kíláàsì: ẹ lè gbé odindi ọdún wò bí olùkọ́ sáyẹ́ǹsì yín bá jẹ́ méjì. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín bóyá àwọn méjèèjì á ṣì wà lọ́dún tó ń bọ̀. Olùkọ́ aládàáni kì í pẹ́ níbì kan, ẹ̀yin onílé-ìwé sì mọ ìdí rẹ̀ jù mí lọ. Gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ́ ni kí wọ́n kọ sílẹ̀ sínú fáìlì ilé-ìwé, kì í ṣe sínú fóònù wọn.

Ilé-ìwé tí ọmọ ń gbé níbẹ̀, ní agbègbè Ìlíṣàn, Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìjẹ̀bú-Igbó: ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ fún sáà kan, kí olùkọ́ fi kọ́wọ́, kí ẹ tó mú un wọ inú píríọ́ọ̀dù. Bí ilẹ̀ oko bá wà lẹ́yìn ilé oúnjẹ, iṣẹ́ ti rí ibi jókòó sí.

Ní ti ìgbà, sáà kejì ni. Sáà kìíní ń bá òjò àti ọmọ tuntun jà. Sáà kẹta kúrú, WAEC ti gba lábù àti gbọ̀ngàn, wọ́n sì ti kó ìdajì olùkọ́ yín lọ máa ṣọ́ ìdánwò níbòmíràn. Láti Oṣù Kìíní, ọyẹ́ ń fẹ́, ilẹ̀ gbẹ, ọ̀nà Erédò ṣeé rìn. Ẹ fi ọ̀sẹ̀ kìíní pín ọ̀wọ́, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìkejì.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹta, kí píríǹsípà fúnra rẹ̀ fa ìwé àkọsílẹ̀ mẹ́ta yọ láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ tẹ́lẹ̀, kó wò ó bóyá olùkọ́ kọ ìbéèrè kankan sínú rẹ̀ tí àwọn ọmọ sì dáhùn. Bó bá jẹ́ bíró pupa àti "Good" ló bá níbẹ̀, kó dá kíláàsì kejì dúró lọ́jọ́ yẹn, kó fi ẹyọ kan sílẹ̀, kó sì gba olùkọ́ náà lọ́wọ́ iṣẹ́ mìíràn kan kí ó lè rí àyè ka ìwé.